Erékùṣù Mẹ́ta Tí Mo Ṣọ́ Láti Castle Green

Tèmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wá kí mi láti Beam Park lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ó ti parí yunifásítì. Ẹnìkan ní kó lọ ṣe kọ̀ǹpútà, ẹnìkan ní kó ṣe nọ́ọ̀sì, ìyá rẹ̀ ní kó ṣe èyíkéyìí tó bá ṣáà ti máa gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó jókòó sí pálọ̀ mi ní Longbridge, ó ń jẹ dòdò, ó wá ní, "Àǹkù Délé, swear down, mi ò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe títí tí ẹ fi rẹ̀tíà."

Mo ní, "Mo ń tún òkun ṣe."

"Òkun wo?"

"Gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ tèmi gan-an wà láàárín Pàsífíìkì."

Ó rẹ́rìn-ín títí dòdò fi fẹ́ há a lọ́fun. Nítorí ìbéèrè rẹ̀ ni mo ṣe kọ èyí, fún òun àti fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ dúró ní oríta iṣẹ́, tí ẹ ń wo ọ̀tún, tí ẹ ń wo òsì. Ẹ fà sún mọ́bí. Mi ò ní kánjú, ẹ̀yin náà ẹ má kánjú.

Ọkọ̀ òkun kì í rìn láìsí àwòrán òkun. Ṣáàtì là ń pè é níbi iṣẹ́. Òun ló ń fi hàn bí omi ṣe jìn tó, ibi tí àpáta sá pamọ́ sí, ibi tí iná etíkun ti ń tàn. Ṣùgbọ́n òkun kò dà bí ògiri tí èèyàn kùn tán tó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Iyanrìn ń ṣí kiri, ọkọ̀ ń rì, wọ́n ń pa iná kan, wọ́n ń tan òmíràn. Nítorí náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìwé pélébé kan ń jáde láti ọ̀dọ̀ ìjọba, tó ń sọ ohun tó yí padà. Iṣẹ́ tiwa ni pé ká fi gègé ẹlẹ́nu tín-ín-rín àti íńkì elése àlùkò kọ àyípadà náà sórí ṣáàtì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́, ká tó tà á fún ọlọ́kọ̀.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí ìlú òyìnbó, mo ń ti ẹrù kiri ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá ọ̀nà A13. Ní ìjọ Aládùúrà wa, èmi ni mo máa ń kọ nọ́ńbà orin sójú pátákó. Bàbá kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn wò mí títí, ó ní, "Ọwọ́ ẹ dúró. Wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Castle Green lọ́la." Bàbá náà ni Ọ̀gá Ṣówùnmí. Owó iṣẹ́ náà kò sọ wá di olówó, kò sì jẹ́ kí ebi pa wá. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀gá Ṣówùnmí jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá. Ó ti ṣe ọ̀gá kékeré lórí ọkọ̀ òkun rí, kó tó ṣubú nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan tí orúnkún rẹ̀ kan fi kọ̀ láti tẹ̀ mọ́. Kì í pariwo. Bó bá ń bínú, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, tí ẹ ó fi máa tẹ etí sílẹ̀ láti gbọ́ èébú yín.

Ó pẹ́ kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ṣáàtì gidi. Bébà àlòkù ló ń kó fún mi, kí n máa fi ya àgbélébùú kékeré tó jẹ́ àmì àpáta abẹ́ omi. Mo ya àkọ́kọ́, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Délé, kí lèyí?"

"Àgbélébùú ni, sà."

"Eṣinṣin ni. Ọlọ́kọ̀ tó bá rí eṣinṣin lórí ṣáàtì, ọwọ́ ló máa fi lé e, á sì wakọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Tún un yà."

Mo yà á títí ọwọ́ mi fi ń yà á lójú oorun. Ìyàwó mi ní mo máa ń fi ìka ya àgbélébùú sórí ìrọ̀rí. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀mí ló gbé mi.

Òfin Ọ̀gá pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó ga ju gbogbo wọn lọ: ohun tí kò bá sí nínú ìwé ọ̀sẹ̀ kò gbọdọ̀ dé orí ṣáàtì. Ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ ló ti ibẹ̀ dé, ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kọ ohun tó sọ ránṣẹ́ sí ìjọba, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kó jáde nínú ìwé, kí o tó ti gègé bọ íńkì. Ó ní, "Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Íńkì le ju ohùn lọ, Délé. Ọkọ̀ ló máa bá a fọ́."

Nígbà tó rí i pé ọwọ́ mi ti rọ̀, ó pín òkun fún mi. Àwọn tó ti pẹ́ ló ni ibi tí ọkọ̀ ti ń rọ́ wìtìwìtì. Èmi, ó gbé fóldà kan tí eruku bò fún mi.

"Àárín Pàsífíìkì. Gba ibi tí ẹnikẹ́ni kì í lọ."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣí i. Lórí ṣáàtì kan, láàárín funfun tó lọ salalu, òrùka kékeré mẹ́ta wà: Atafu, Nukunonu, Fakaofo. Tokelau ni orúkọ wọn lápapọ̀. Mo gbé gègé, Ọ̀gá gbá mi lọ́wọ́.

"O ò mọ̀ wọ́n, o fẹ́ kọ nǹkan sí wọn lára? Lọ bá wọn ṣọ̀rẹ́ ná."

Báyìí ni mo ṣe di oníbàárà láíbúrárì Barking. Gbogbo Sátidé, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá lọ wo bọ́ọ̀lù, èmi a lọ wo Tokelau. Ẹ ẹ̀ rí i, ilẹ̀ ibẹ̀ kò dà bí ilẹ̀ tí a mọ̀. Òkè oníná kan ló rì sínú òkun láyé àtijọ́, àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi wá kọ́ ògiri òkúta yí etí rẹ̀ ká, ògiri náà di òrùka, ọ̀sà wà láàárín rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé kò fẹ̀, kò sì ga. Igi àgbọn ló ga jù níbẹ̀. Bí o bá fi ẹsẹ̀ kan kúrò lórí òkúta náà, ọ̀gbun ni. Ìdákọ̀ró kì í rí ibi dì mú. Kò sí èbúté, kò sí pápákọ̀ òfuurufú. Láti Samoa, erékùṣù ńlá aládùúgbò wọn, ni ọkọ̀ ti ń lọ bá wọn, ó máa ń ju ọ̀sán kan òru kan lọ lórí omi, á sì dúró lókèèrè, kí ọkọ̀ kékeré wá kó ẹrù gba orí òkúta kọjá.

Kò sí odò, kò sí kànga tó dùn. Àwọn àgbà wọn máa ń gbẹ́ ìdí igi àgbọn kó lè gba omi òjò dúró. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fìgbà kan pè wọ́n ní erékùṣù Union, kí wọ́n tó fa wọ́n lé New Zealand lọ́wọ́. Ọ̀kan gba ṣọ́ọ̀ṣì Pùròtẹ́sítáǹtì, èkejì gba Àgùdà, ẹ̀kẹta gba méjèèjì. Mo rẹ́rìn-ín, ó jọ ilé ẹbí mi.

Ṣùgbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kàwé dé ibi tí ọkọ̀ ti Peru wá. Ní ayé àwọn baba ńlá wọn, ọkọ̀ wá kó wọn lẹ́rú lọ, àwọn alágbára ọkùnrin àti obìnrin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì wọn tán. Díẹ̀ ló padà. Mo pa ìwé náà dé. Mo ti rò pé àwa nìkan ni òkun gbé èèyàn wa lọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn òrùka mẹ́ta yẹn ti kúrò ní iṣẹ́ lásán lọ́wọ́ mi. Mo ń bi ara mi ní ìbéèrè tí ìwé kò dáhùn: àwọn tó kù, báwo ni wọ́n ṣe tún ìlú dá? Ta ló kọ́ àwọn ọmọ ní ọkọ̀ gbígbẹ́?

Ọdún ń gorí ọdún. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ sátẹ́láìtì dé. Tẹ́lẹ̀, ìràwọ̀ àti oòrùn ni ọlọ́kọ̀ fi ń mọ ibi tó wà. Báyìí, àpótí kékeré kan á kàn sọ nọ́ńbà fún un. Inú gbogbo ayé dùn. Ọ̀gá Ṣówùnmí nìkan ló ń mi orí.

Ní àsìkò yẹn ni kápúténì kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa, òyìnbó sìgbọnlẹ̀ kan tó kún fún ẹ̀rín. Ọkọ̀ ẹrù kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló fẹ́ wà láti odò Thames lọ sí Pàsífíìkì, kó lè máa kó oúnjẹ lọ sí Tokelau. Ọkùnrin aláwọ̀ ilẹ̀ kan tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo tẹ́ ṣáàtì sílẹ̀, ọkùnrin náà na ìka, kò jẹ́ kó kan bébà.

"Ilé mi nìyí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ioane lorúkọ rẹ̀, atukọ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì la jọ sọ. Kápúténì ń wo àwọn ṣáàtì yòókù, èmi ń da ìbéèrè bo Ioane.

"Ṣé òótọ́ ni pé ẹlẹ́dẹ̀ yín máa ń lọ sínú òkun?"

"Wọ́n ń wá ìṣáwùrú lórí òkúta. Ẹlẹ́dẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi mọ òkun ju ẹ̀gbọ́n mi lọ."

Ó wá sọ fún mi nípa inati. Bí ìlú bá jọ lọ pẹja, etíkun ni wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jọ sí. Wọ́n á pín in ní dọ́gba-dọ́gba, wọ́n á máa pe ilé kọ̀ọ̀kan, àtopó, àtarúgbó, àtẹni tí kò lè gbéra nílé.

Ọ̀gá gbórí sókè nídìí tábìlì rẹ̀. "Orí ẹja ńkọ́? Ta ló ń jẹ ẹ́?"

"Ẹni tó bá kàn, sà."

"Kì í ṣe baálẹ̀?"

"Àfi tó bá kàn án."

Ọ̀gá yíjú sí mi, ó fi Yorùbá sọ ọ́. "Délé, báwo ni wọ́n ṣe wá ń mọ ẹni tó jẹ́ àgbà?"

Kápúténì gbé àpótí sátẹ́láìtì rẹ̀ ka iwájú wa bí ẹni gbé ọmọ tuntun jáde. "Ẹ̀rọ yìí ló máa mú mi débẹ̀. Òru tàbí ọ̀sán."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gá. "Ẹ̀rọ rẹ mọ ibi tí o wà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ya ṣáàtì yìí, ìràwọ̀ ni wọ́n wò láyé àtijọ́. Ibi tí wọ́n fi erékùṣù sí lórí bébà lè má bá ibi tó wà mu. Bébà àti ẹ̀rọ lè máa ja ara wọn níyàn."

"Báwo ni ìyàtọ̀ náà ṣe tó?"

"Kò tíì sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n."

"Kọ iye tí o rò sí i fún mi."

"Mi ò kọ ohun tí mo rò."

Kápúténì fi ọwọ́ gbá tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Nígbà náà, èmi á gba ẹ̀rọ mi gbọ́."

Wọ́n lọ. Mo bẹ Ọ̀gá. Mo ní kó jẹ́ kí n sáré tẹ̀ lé wọn, kí n fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí etí ṣáàtì. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Kí lo fẹ́ kọ? 'Bóyá'? Bí mo bá kọ máìlì kan, tó jẹ́ pé apá kejì ló yẹ kó gbà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa wọ́n."

Òótọ́ ló sọ. Bẹ́ẹ̀, òótọ́ náà ò ní gba ẹnikẹ́ni là. Ìwé tí a kọ sí ìjọba nípa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní àwọn ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá dé ṣọ́ọ̀bù, kò bọ́ kóòtù. "Dìde. A ń lọ sí Dagenham Dock." Ẹ wo bàbá tí orúnkún rẹ̀ kò tẹ̀, tó ń gun àkàsọ̀ ọkọ̀ òkun nínú afẹ́fẹ́. Èmi ń tì í láti ẹ̀yìn, ó ń fi Ẹ̀gbá bú mi láti òkè.

Kápúténì rí wa. "Bàbá, ṣé ẹ wá gba ṣáàtì yín padà ni?"

"Rárá. Ohun tí mi ò lè kọ, mo lè sọ. Jẹ́ kí n bá àwọn ọmọ rẹ sọ̀rọ̀."

Ó sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń mu tíì. Ó ní kí wọ́n dúró lókèèrè títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ojú rí orí igi àgbọn kí wọ́n tó sún mọ́ ọn. Kápúténì ní ọjọ́ tí òun bá dúró de àgbọn, epo á tán. Ọ̀gá kò bá a jà. A kì í jí apirọrọ. Ó yíjú sí Ioane.

"Tó bá kọ̀ láti dúró, jí gbogbo èèyàn. Kí wọ́n wọ ẹ̀wù ìléfòó. Kí ọkọ̀ kékeré ti wà létí, kó kàn ku kí ẹ já a sómi."

Kápúténì gbé èjìká. "Ìyẹn ò ní pa mí lára. Ẹ wọ ẹ̀wù yín." Ioane kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ Ọ̀gá mú, ó mi orí pé òun ti gbọ́.

Oṣù mélòó kan kọjá. Fóònù dún ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ni ọkọ̀ ló pè: ọkọ̀ náà ti kọlu òkúta ní ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù náà, wọn kò sì gbóhùn ẹnikẹ́ni lórí rédíò mọ́. Ìròyìn náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kú, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yè.

Oní-ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó gba gbogbo wa síṣẹ́, sáré wá. "Ẹ fọkàn balẹ̀. A tẹ̀ lé òfin. A ò jẹ̀bi."

Ọ̀gá ní, "Mi ò bi yín ní ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tó yè ni mo ń bèèrè."

Kò lè kọ nǹkan mọ́. Gbogbo àgbélébùú rẹ̀ di eṣinṣin. Mo ń bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tèmi, ó sì ń jókòó ti fóònù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé orúkọ Ioane fún ìyá àdúrà.

Ìyá bi í pé, "Bàbá, ọmọ ìlú wa ni?"

"Rárá o. Ọmọ ìlú Délé ni."

Ìyá wò mí, ó wo Ọ̀gá, ó ní ká ṣáà kúnlẹ̀.

Ọjọ́ tí fóònù tún dún, èmi ni mo gbé e. Ariwo bí ìjì ló kọ́kọ́ wọlé, ohùn kan sì tẹ̀ lé e láti ọ̀nà jíjìn. "Bàbá orúnkún dà?"

Ioane ni. Mo na fóònù sí Ọ̀gá, mo tẹ etí mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ioane ní kápúténì dín eré kù, ṣùgbọ́n kò dúró. Ẹ̀rọ ní ilẹ̀ ṣì jìnnà. Òun wà nímú ọkọ̀, ilẹ̀ kò tíì là tán, òun sì gbọ́ ìró omi lórí òkúta níbi tí bébà ní òkun lásán wà. Òun pariwo. Kápúténì yí ọkọ̀, ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ti wọ ẹ̀wù, ọkọ̀ kékeré ti wà létí. Abúlé tú jáde pẹ̀lú ọkọ̀ wọn.

"Ta ló kú?" Ọ̀gá ò jẹ́ kó parí.

"Kò sẹ́nìkankan."

Ọ̀gá jókòó. Orí tábìlì ló jókòó lé, lórí ṣáàtì gidi, ohun tó lè mú kó lé ẹlòmíràn kúrò níṣẹ́.

Ioane ní ọkọ̀ náà fọ́ tán, rédíò rẹ̀ bá a lọ, ìrẹsì inú rẹ̀ sì fọ́n sínú omi. Abúlé kó èyí tó ṣeé kó, wọ́n sì ṣe inati. Wọ́n pe ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá pe kápúténì, bí wọ́n ṣe ń pe opó. Ó jáde, ó gba ìpín tirẹ̀ nínú ẹrù tí òun fúnra rẹ̀ kó wá, nínú apẹ̀rẹ̀ ewé àgbọn. Ó bú sẹ́kún.

Ọ̀gá nu ojú. "Orí ẹja ńkọ́? Ta ló kàn?"

"Ìrẹsì kò lórí, sà."

Mi ò rí Ọ̀gá Ṣówùnmí kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí, ṣáájú ọjọ́ náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìkìlọ̀ jáde nínú ìwé ọ̀sẹ̀: bí ìyàtọ̀ ṣe tó, àti apá ibi tí ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ sún nọ́ńbà ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Kì í ṣe apá tí àwa ì bá ti rò rárá. Ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ fúnra mi. Ó fi awò yẹ̀ ẹ́ wò, kò pè é ní eṣinṣin. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé oríyìn ńlá nìyẹn.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ra ṣáàtì ibi jíjìn lọ́wọ́ wa kò ní lọ kó tó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀. Oní-ṣọ́ọ̀bù ń kùn pé a ti sọ ibẹ̀ di ilé ìtàn. A ń bá ìtàn wa lọ.

Kọ̀ǹpútà dé. Ọ̀gá gba ilé lọ, ó sì ti sùn nínú Olúwa báyìí. Gègé di bọ́tìnnì. Ṣáàtì di ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ gba inú afẹ́fẹ́, ohun tó ń gbà mí ní odindi òwúrọ̀ kò gba ìṣẹ́jú mọ́. Mo kọ́ ọ, mo ṣe é títí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Kí n tó kúrò, mo rí ohun kan tó yà mí lẹ́nu: Tokelau àti Samoa jọ fo ọjọ́ kan nínú kàlẹ́ńdà, wọ́n kúrò lẹ́yìn ayé, wọ́n bọ́ síwájú rẹ̀. Àwọn tó ti ń gbé nínú àná wa wá di ọlọ́la wa, láìṣí kúrò lójú kan.

Tèmi bi mí pé, "Àǹkù, ẹ̀rọ ti jẹ iṣẹ́ yín tán. Ṣé kò dùn yín?"

Ó dùn mí níbi ọwọ́. Ọwọ́ mi ṣì ń wá gègé. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹ̀rọ tuntun mọ nǹkan púpọ̀, ó sì kù síbì kan tí èèyàn ní láti bèèrè. Mi ò ní sọ fún yín pé ẹ ṣe nọ́ọ̀sì tàbí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí ẹ bá mú, ẹ wádìí ẹni tó wà ní òpin rẹ̀, ẹ jẹ́ kó lójú, ẹ jẹ́ kó lórúkọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, Tèmi bá mi pe Ioane lórí fóònù, a sì rí ojú rẹ̀. Ó ti hu ewú. Ó ní ó ti di Mọ́ńdè lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní ìbéèrè kan tí mo ti ń gbé kiri láti láíbúrárì Barking, tí mi ò rí ẹni bi: lẹ́yìn tí ọkọ̀ Peru kó ìdajì wọn lọ, ta ló kọ́ àwọn ọmọ tó kù ní ọkọ̀ gbígbẹ́?

Ioane fa àga, ó jókòó dáadáa.

"Ìyá ìyá ìyá mi ni," ó ní. "Ṣé ẹ ráyè?"

Tèmi ti bọ́ bàtà, ó ti ká ẹsẹ̀ sórí àga.